Orúkọ Tí Ìyá Àgbà Bá Mi Wádìí

Tápólì náà gbóná lábẹ́ ìdí mi. Ìyá Àgbà, ìyá tó bí bàbá mi, ń fi abẹ́rẹ́ gígùn rán ibi tó ya lára rẹ̀ lẹ́bàá Malu Road, kí onítírélà lè rí i fi bo ẹrù. Bí abẹ́rẹ́ bá ti wọlé, èmi ni mo máa ń fa okùn rẹ̀ yọ nísàlẹ̀. Òórùn epo ọkọ̀ kún imú wa.

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin dúró tì wá. Àwọn ni wọ́n fẹ́ mú mi lọ forúkọ sílẹ̀ nílé ìwé lọ́jọ́ Ajé.

"Màámi, ẹ jẹ́ ká kọ Bọ́lá síbẹ̀. Kí ló ń jẹ́ Deniz? Bó bá jẹ́ èébú ńkọ́?"

"Ará Tọ́kì tó ju okùn sí àbúrò rẹ nígbà tó já sómi ní ebúté Apápá ló ń jẹ́ ẹ. Orúkọ yẹn la pè nígbà tí a fi omi kan ọmọ yìí lẹ́nu."

"Kò nítumọ̀."

"Ó nítumọ̀. A ò tíì béèrè ni."

Lọ́jọ́ kejì, Ìyá Àgbà ò rán tápólì. Wọ́n mú mi lọ sẹ́nu géètì ebúté. Gbogbo atukọ̀ tó bá jáde ni wọ́n ń bi pé, "Tọ́kì?"

"Mama, who you dey find?" Ẹ̀ṣọ́ kan ń rẹ́rìn-ín.

"Ìtumọ̀ orúkọ ọmọ mi."

Ojú tì mí. Mo sá sẹ́yìn ìró wọn, mo ní ká máa lọ sílé.

"Bó o bá fẹ́ kí wọ́n gba orúkọ rẹ lọ́wọ́ rẹ, máa lọ."

Mi ò lọ. Nírọ̀lẹ́, atukọ̀ kan tó ń ra ẹ̀pà mi orí pé ará Tọ́kì lòun. Ìyá Àgbà tì mí síwájú. Mo sọ orúkọ mi kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

"Kò gbọ́."

Bí Ìyá Àgbà ṣe wí báyìí, mo gbé ohùn sókè, mo tún un sọ. Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, ó nawọ́ sí omi tó wà lẹ́yìn àwọn kọ̀ǹténà, ó wá ya apá rẹ̀ méjèèjì gbàgà. Awakọ̀ kan bá wa túmọ̀ ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀: òkun ni. Ọ̀rọ̀ àtijọ́ àwọn baba ńlá wọn ni, tọkùnrin tobìnrin ló ń jẹ́ ẹ.

"Òkun," Ìyá Àgbà wí jẹ́jẹ́. "Omi tí kò gbé bàbá rẹ lọ."

Nígbà tí a délé, wọ́n sọ fún ẹ̀gbọ́n bàbá mi pé, "Kọ ọ́ bó ṣe wà."

Ìwé mi ò lọ jìnnà, ṣùgbọ́n lónìí, abẹ́rẹ́ gígùn yẹn ti di tèmi. Ohùn mi ṣì kéré. Bí onítírélà bá béèrè orúkọ mi tí mo sì dáhùn sínú, mo máa ń gbọ́ ohùn Ìyá Àgbà lẹ́yìn mi: "Kò gbọ́."

Màá sì tún un sọ.