Abọ́ Gàrí àti Itan Adìẹ

Abọ́ irin kan wà nílé mi tí mi ò jẹ́ kí ìyàwó mi jù nù. Òun la fi ń mu gàrí nígbà tí àwa òṣìṣẹ́ daṣẹ́ sílẹ̀ ní ilé iṣẹ́ pákó tó wà láàárín Ìlobù àti Ìfọ́n. Ọ̀rẹ́ mi ló ṣáájú wa. Òun ló ń po gàrí náà, òun ló sì ń mu kẹ́yìn. Á ní, "Ẹ mu, ẹ̀yin ará mi. Ọ̀gá tó bá kọ́kọ́ yó kì í gbọ́ igbe ebi."

Èmi tí mo kàwé nílé ìwé Mùsùlùmí ni mo kọ gbogbo lẹ́tà wa, ṣùgbọ́n òun ni wọ́n fi jẹ ọ̀gá nígbà tí a borí.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, eruku pákó mú Mùfú tó ń la gẹdú débi pé kò lè mí dáadáa. Àwọn òṣìṣẹ́ yòókù rán mi lọ tọrọ ìbòmú. Mo bá ọ̀gá nínú yàrá tútù, ó ń jẹ ìrẹsì àti itan adìẹ. Kò tilẹ̀ ní kí n wá jẹun.

"Ẹ̀yin òṣìṣẹ́ yìí ò mọ ọpẹ́ dá," ó ní. "O ò rí i pé mo ń jẹun ni?"

"Mo rí i. Adìẹ ni."

"Padà wá lọ́la."

Alihamudulilai, ara mi le, mo sì ń ríṣẹ́ ṣe. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo forí kanlẹ̀ nírun Alásárì lọ́jọ́ náà, mo gbàgbé ìbòmú Mùfú pátápátá. Àga ọ̀gá ni mo tọrọ, àti itan adìẹ yẹn.