Ẹni Tó Ń Gbé Ìkíni Bàbá Mi Wá

Nígbà tí mo ṣì kéré, tí a ń gbé yàrá kan ní Agbowó, Bàbá mi kì í pe ọmọ lórúkọ. Oríkì ni. Bí mo bá kúnlẹ̀ kí wọn láàárọ̀, "Àṣàkẹ́!" ni wọ́n á pè, wọ́n á fa ohùn náà gùn, orí mi á sì wú. Ṣakí ni wọ́n ti wá, oríkì ìyá tó bí wọn lọ́mọ ni wọ́n fún mi. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí tí ẹ ò mọ oríkì ara yín, ẹ gbé fóònù yẹn sílẹ̀ ná, ẹ gbọ́ mi.

Bíríkìlà ni Bàbá. Wọ́n ní iṣẹ́ ńlá kan yọ ní Kàdúná, àti pé àwọn á padà kí ọdún Iléyá tó dé. Wọ́n di ẹrù, wọ́n lọ. Wọ́n ní ọ̀rẹ́ kan tó jẹ́ mẹkáníìkì ní Mọ́kọ́lá, tó ní òun máa ń bá àwọn onílọ́rì lọ sí Kàdúná. Òun ló ń gbé ìkíni Bàbá wá fún wa. Ẹ má wo bí mo ṣe ń pe àgbàlagbà ní "ó". Ọ̀wọ̀ rẹ̀ ti tán lọ́dọ̀ mi tipẹ́.

Mo fẹ́ràn rẹ̀ nígbà náà o, kí èmi náà má purọ́. Tó bá ti yọ níta, èmi ni mo máa ń sáré lọ gba búrẹ́dì ọwọ́ rẹ̀. Màmá mi, tó ń ránṣọ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́, á pa máṣíìnì tì, wọ́n á gbé àga fún un. Ẹran tó bá tóbi jù nínú ìkòkò, inú àwo rẹ̀ ló ń lọ. Á jẹ, á nu ẹnu, á wá bẹ̀rẹ̀: "Ìyàwó wa, àárò yín ń sọ ọkọ yín o! Omijé ló wà lójú rẹ̀ nígbà tí mò ń bọ̀. Mo fi Kùránì búra!" Ta ló ní kó búra? Kò sẹ́ni tó já a níyàn.

Ohun tó kọ́kọ́ ta mí lólobó ni pé kò sí orúkọ nínú ìkíni rẹ̀. Nílé wa, bí ẹnìkan bá fi ìkíni rán ni, ohun tó fi ń pe oníkálukú ni ìránṣẹ́ ń gbé wá: "Wọ́n ní kí n bá wọn kí Àṣàkẹ́ wọn." Ti ọkùnrin yìí, "Ó kí gbogbo yín" ṣáá ni.

Lọ́jọ́ Sátidé kan tí Iléyá ti sún mọ́lé, mo kúnlẹ̀, mo ní, "Bọ̀ọ̀dá, kí ni wọ́n pè mí nígbà tí wọ́n ní kẹ́ ẹ kí mi?"

Ó rẹ́rìn-ín. Ó mu omi. Ó ní, "Kí ni ì bá tún pè ọ́? Àdùkẹ́ ni!" Ló bá tún búra.

Àdùkẹ́ kẹ̀! Bàbá mi á ṣi oríkì ìyá wọn pè? Màmá jágbe mọ́ mi pé ọmọ tí kò lẹ́kọ̀ọ́ ló ń wádìí ọ̀rọ̀ lẹ́nu àgbà, ṣùgbọ́n mo rí i pé ojú wọn ti yí padà. Wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n sìn ín dé ìta.

Wọ́n ti ń rán bùbá àti ṣòkòtò tí Bàbá máa fi ṣọdún. Nígbà tó di ọjọ́ Mọ́ńdè, wọ́n ká a sínú ọ̀rá, wọ́n ní nígbà tí Bàbá ò tíì dé, ká gbé e lọ fún mẹkáníìkì náà, kó bá wa gbé e dé Kàdúná. Màmá gbé ọ̀rá náà lé itan nínú ọkọ̀. Èmi ń bẹ Ọlọ́run pé kó jẹ́ pé etí mi ló ṣì í gbọ́.

Bí a ṣe yọ sí ibi iṣẹ́ ọkùnrin náà, Bàbá mi la rí lórí bẹ́ńṣì, wọ́n ń jẹ ìrẹsì. Aboyún kan jókòó tì wọ́n, ó ń fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ wọn. Bí ọ̀rẹ́ wọn ti rí wa, ó wọ abẹ́ mọ́tò lọ.

"Àṣàkẹ́!"

Ohùn kan náà, tí wọ́n fà gùn. Kí n tó mọ̀, mo ti kúnlẹ̀ sínú epo tó dà sílẹ̀. Màmá gbé aṣọ náà lé Bàbá nítan, wọ́n ní, "Ẹ kú ọdún o, ará Kàdúná." Wọ́n fà mí dìde, a padà sílé.

Ó dùn mí o. Ó ń dùn mí títí dòní. Mọ́kọ́lá sí Agbowó, kí ló jìnnà níbẹ̀? Kí èèyàn wà nílùú kan náà pẹ̀lú ọmọ rẹ̀, kó máa fi irọ́ àti búrẹ́dì ránṣẹ́ sí i!

Lóde òní, irọ́ ti wá rọrùn jù. Ẹnìkan á dùbúlẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì ní Bódìjà, á ní òun ti dé Dùgbẹ̀. Ojú lọ̀rọ̀ wà, fóònù ò sì lójú. Mo lè ní kẹ́ ẹ ṣọ́ ẹni tó ń búra láìjẹ́ pé a bi í, tàbí ẹni tó ń rẹ́rìn-ín kó tó dáhùn. Irọ́ mẹkáníìkì yẹn, ọmọdé ni mí tí mo fi já a. Ṣùgbọ́n ohùn tí Bàbá fi pè mí lọ́jọ́ náà, kò sí irọ́ kankan nínú rẹ̀. Inú wọn dùn láti rí mi. Ìyẹn ni mi ò mọ ibi tí mo lè gbé e sí.

Ẹ máa ń bi mí pé kí ló dé tí bàbá yín àgbà, ọkọ mi, ò fi gbọdọ̀ pe oríkì mi nínú ilé yìí. Mo fẹ́ràn oríkì náà o. Orúnkún mi ni mi ò fọkàn tán.