Àtúnṣe Adéṣẹwà Lórúkọ Ọ̀gá

Ẹni tó kọ́ Adéṣẹwà ní ìbọ̀wọ̀ fágbà kọ́ ọ jù. Ọ̀rẹ́ mi ni, olùkọ́ ni níbí ní Ifangni. Ọdún mẹ́ta ni òun àti Ọ̀gá Sosthène, dírẹ́kítọ̀ iléèwé tó ti fẹ̀yìn tì, fi ń kọ ìwé atúmọ̀-ọ̀rọ̀ èdè wa Nàgó àti Faransé fún àwọn ọmọ iléèwé.

Èmi Clémentine ni akọ̀wé wọn. Èmi ni mo fi ètò tó ń tọ́jú àtúnṣe sínú kọ̀ǹpútà wọn. Kò le rárá. Bí o bá yí ìlà kan padà, ti àtijọ́ á pupa lójú kọ̀ǹpútà, tuntun á ní àwọ̀ ewé, orúkọ rẹ á sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kí o tó fi iṣẹ́ pamọ́, o kàn máa yan orúkọ ara rẹ.

Ọjọ́ tí Ọ̀gá kọ́kọ́ rí ìlà rẹ̀ tó pupa yòò, inú bí i. "Adéṣẹwà, ṣé ìwọ lo wá ń corriger mi, tí o ń tún iṣẹ́ mi ṣe?"

"Ẹ má bínú, Directeur."

Láti ọjọ́ náà, orúkọ Ọ̀gá ni Adéṣẹwà ń yàn fún gbogbo ohun tó bá kọ tàbí tó bá tún ṣe. Mo sọ ọ́ títí ẹnu mi fi bó. Ó ní, "Ma sœur, iṣẹ́ náà ló ṣe kókó." Ẹ gbọ́ mi, ṣé orí pé nìyẹn?

Lóṣù tó kọjá, àwọn tó fẹ́ tẹ ìwé náà wá láti Àjàṣẹ́. Wọ́n ń wá ẹnì kan tí wọ́n máa gbà síṣẹ́ láti kọ ìwé kejì, iṣẹ́ tí Adéṣẹwà ti ń gbàdúrà fún. Wọ́n ní kí n ṣí ètò náà kí wọ́n lè rí ẹni tó ṣiṣẹ́ jù. Sosthène, Sosthène, Sosthène, láti òkè dé ìsàlẹ̀.

"Madame yìí ò kúkú ṣe nǹkan púpọ̀," ni ọ̀kan nínú wọn wí.

Mo ya ẹnu láti sọ̀rọ̀, Adéṣẹwà já mi léèékánná lábẹ́ tábìlì. Ọ̀gá wá fi ìka kan ibi tí a kọ orúkọ àwọn koríko oko sí. Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni Adéṣẹwà lò ní abúlé Lagbé kí ó tó rí wọn gbà lẹ́nu àwọn àgbẹ̀.

"Eléyìí fún mi ní wàhálà o," ni Ọ̀gá wí. Ojú rẹ̀ fi hàn pé ó gba ara rẹ̀ gbọ́. Ó yíjú sí Adéṣẹwà. "Àbí irọ́ ni?"

"Òótọ́ ni, Directeur," ni Adéṣẹwà dáhùn. "Ẹ ṣiṣẹ́ gan-an."