Epo Tí Ọ̀gá Elépo Ń Gbé Wálé

Ọgbọ̀n ọdún ó dín ọ̀kan ni ọkùnrin náà ti fi ń tọ́jú tiransifọ́mà, débi pé kò sẹ́ni tó tún ń pe orúkọ àbísọ rẹ̀ níbi iṣẹ́ mọ́. Ọ̀gá Elépo ni wọ́n ń pè é. Epo tó wà nínú tiransifọ́mà ló ń tu wáyà inú rẹ̀ lára, òun náà ni kì í jẹ́ kí iná fò láti ibì kan sí ibòmíràn. Bí epo náà bá ti gbó, Ọ̀gá kì í dúró de àyẹ̀wò ẹnikẹ́ni. Yóò ti ìka bọ̀ ọ́, yóò fi àtàǹpàkò ra á, yóò gbóòórùn rẹ̀. "Eléyìí ti kú," ni yóò wí, bí ẹni pé òun àti òkú náà jọ gbélé. Kì í sábàá ṣì í.

Mẹ́rin ni tiransifọ́mà ọgbà wọn. Èyí tó dàgbà jù ni wọ́n ń pè ní Ìyá Àgbà. Ó ti dípẹtà nídìí, epo sì ń ro lábẹ́ rẹ̀ bí imú ọmọ tí kò rẹ́ni nù ún, wọ́n wá gbé abọ́ sí i. Láàárín àwọn òṣìṣẹ́ àtijọ́, ìgbàgbọ́ kan wà pé kò sí oògùn orúnkún tó tó epo Ìyá Àgbà. Ta ló kọ́kọ́ sọ bẹ́ẹ̀? Ẹ má bi mí. Ọ̀rọ̀ tí àgbà bá sọ níbi iṣẹ́, ta ni yóò yẹ̀ ẹ́ wò?

Nígbà tí orúnkún bẹ̀rẹ̀ sí í dun ìyàwó Ọ̀gá ní ọdún mẹ́sàn-án sẹ́yìn, ó bu epo abọ́ náà sínú ìgò, ó gbé e wálé. Òun fúnra rẹ̀ ló ń kúnlẹ̀ fi ra á lẹ́sẹ̀ nírọ̀lẹ́, tìfẹ́tìfẹ́.

"Ṣé tiransifọ́mà lẹ wá sọ mí dà ni?" ni obìnrin náà máa ń wí.

"Ìwọ kọ́ ló ń fún ilé yìí níná?"

Lọ́dún tó kọjá ni obìnrin náà bẹ̀rẹ̀ sí í rù, ojú rẹ̀ pọ́n bíi ti ẹni tí ibà pọ́njú ń ṣe. Dókítà ní ẹ̀dọ̀ ni. Ṣé ó ń mu ọtí? Rárá. Ṣé ó ń mu àgbo? Rárá. Kí ló tún ń lò? "Kò sí o, Dókítà," ni Ọ̀gá ń dáhùn lójoojúmọ́, kò sì mọ̀ pé irọ́ lòún ń pa.

Ìgbà yẹn ni ilé iṣẹ́ gbé ẹnjiníà tuntun dé, ọmọbìnrin kan tí kò ju àbígbẹ̀yìn Ọ̀gá lọ. Ó ní kò sówó tiransifọ́mà tuntun, àmọ́ àwọn yóò fa epo àtijọ́ dà nù, àwọn yóò fi epo tí wọ́n fún lára ẹ̀wà sóyà rọ́pò rẹ̀. Kì í tètè gbiná, bó bá dànù, ilẹ̀ á jẹ ẹ́ tán, ẹ̀rọ náà á sì pẹ́ sí i.

"Ẹ̀wà kẹ̀?" Ọ̀gá bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ fẹ́ máa bọ́ iná lóúnjẹ!"

Ẹnjiníà náà rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ó kọ́kọ́ fi epo mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ránṣẹ́ fún àyẹ̀wò. Nígbà tí èsì dé, ó lẹ bébà pupa mọ́ Ìyá Àgbà.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fọwọ́ lásán kan eléyìí. Kẹ́míkà kan wà tí wọ́n máa ń lò láyé àtijọ́ kí epo má baà gbiná. Ó ti dà pọ̀ mọ́ ọn. Májèlé ni. Bó bá wọ ara, kì í tètè jáde. Ẹ̀dọ̀ ló ń bá jà."

Ìgò tó wà nílé ló wá sí Ọ̀gá lọ́kàn. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni wọ́n fi fa epo náà, tí wọ́n fi epo tuntun fọ inú ẹ̀rọ náà, Ọ̀gá kò sì bá ẹnikẹ́ni ṣàwàdà. Bó bá sọ fún dókítà, gbogbo ayé ni yóò gbọ́ pé ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi ń pa ìyàwó rẹ̀. Ikú yá ju ẹ̀sín, lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ikú ara ẹni ni àwọn àgbà ń wí, wọn ò sọ pé ikú aya ẹni.

Lọ́jọ́ kẹrin, ó jẹ́wọ́ níwájú dókítà, ìyàwó rẹ̀ jókòó tì í. Ojú tì í débi pé ilẹ̀ ló ń bá sọ̀rọ̀.

Dókítà gbé bírò sílẹ̀. "Mi ò lè búra pé òun ni. Àmọ́ ẹ má lò ó mọ́. Ta ló tún ń lò ó nínú ilé?"

"Kò sí."

Ìyàwó rẹ̀ di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Bàbá wọn," ó ní jẹ́jẹ́, "ìgò ti oṣù tó kọjá, mo fi ránṣẹ́ sí ọmọ wa. Ọmọ ẹ̀ ti lé lọ́dún kan, kò tíì rìn. Mo ní kó máa fi ra á lẹ́sẹ̀ láàárọ̀ àti lálẹ́. Ẹ̀yin lẹ kúkú ní kò séwu."

Dókítà ti fóònù Ọ̀gá tó wà lórí tábìlì sí i lọ́wọ́. "Ẹ pè é báyìí."

Fóònù ò tíì dún lẹ́ẹ̀mejì tí ọmọ wọn fi gbé e.

"Bàbá mi! Àfi bíi pé ẹ mọ̀! Ọmọ mi dìde dúró láàárọ̀ yìí, ó gbẹ́sẹ̀ méjì. Epo yín mà ṣiṣẹ́ o! Ẹ bá mi fi ìgò kan ránṣẹ́ sí i."