Ẹtu Tí Wọ́n Ní Kó Sáré Lórí Egbò

Ẹtu, ọ̀rẹ́ mi tí eré sísá sọ ní orúkọ náà, kú ní ọsibítù ilé-ìwé wa, àwòrán rẹ̀ sì ti di ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà pápá. Ojú ń tì mí láti gba ibẹ̀ kọjá.

Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, tí n kò mọ ẹnì kankan, òun ló kọ́kọ́ dúró tì mí. "Àlejò, ṣé ìwọ àti ògiri yìí lẹ jọ wá ni? Dìde, ká lọ jẹun." Láti ìgbà náà ni mo ti ń bá a gbé bàtà lọ sí pápá. Mo rí i: bó bá sáré díẹ̀, ojúgun rẹ̀ á le bí òkúta, ẹsẹ̀ á kú mọ́ ọn lára. Bó bá jókòó, gbogbo rẹ̀ á lọ.

Lọ́dọ̀ dókítà ilé-ìwé, bẹ́ǹṣì lo máa kọ́kọ́ jókòó sí. Kó tó kan Ẹtu, àìsàn ti sá lọ. Dókítà á tẹ ẹsẹ̀ tó ti rọ̀, á ní: "Ọ̀lẹ ló ń ṣe ọmọ yìí." Kóòṣì, olùkọ́ eré ìje wa, á fi í rẹ́rìn-ín: "Ẹtu tó ń bẹ̀rù igbó!" Ta ló ń wá ibi tí ọkọ̀ ojú omi ti ń jò lórí ilẹ̀ gbígbẹ?

Oníṣẹ́-abẹ kan tó wá bẹ̀ wá wò ló ní kó sáré yí ilé ká ná. Ó fi abẹ́rẹ́ wọn bí inú ẹsẹ̀ náà ṣe fún tó. Ó ní awọ tó wé mọ́ iṣan ibẹ̀ ti há jù. Bí iṣan bá wú, ẹ̀jẹ̀ kò rọ́nà gbà. Ó fi abẹ la awọ náà, kí iṣan lè mí. Ó wá kìlọ̀ fún Kóòṣì: kí Ẹtu má sáré títí egbò á fi jinná.

Àmọ́ ìdíje ń bọ̀. Kóòṣì yọjú sí yàrá wa. "Ṣebí wọ́n ti là á? Dì í le, ká máa lọ."

Mo ní: "Ẹ jọ̀ọ́ sà, okùn tí wọ́n fi rán egbò ṣì wà lára ẹ̀."

"Ṣé okùn ló fẹ́ sáré ni?"

Ẹtu sáré, ó gba ipò kìíní. Egbò ya. Wọ́n tún ní kó lọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Lọ́tẹ̀ yìí, àìsàn kò sá lọ. Egbò kẹ̀, oró rẹ̀ wọ inú ẹ̀jẹ̀. Ife-ẹ̀yẹ ń dán lọ́fíìsì ọ̀gá ilé-ìwé. Ṣé ojú wọn gbà á láti wò ó?

Lánàá, ọ̀gá ní kí gbogbo wa dìde, ká dákẹ́ fún un. A dìde, a dákẹ́, bí ẹni tí wọ́n ká mọ́ ìdí olè. Ìyá rẹ̀ ń wò wá.

Ó tó. Kí ọ̀gá tún pè wá jọ níwájú ìyá náà. Kí dókítà, ẹni tó pè é ní ọ̀lẹ, dìde, kí Kóòṣì, ẹni tó ní kó sáré, dìde tì í. Àmọ́ kí àwọn má ṣe dákẹ́.