Wọ́n Wá Bá Mi Kẹ́dùn Bàbá Mi Tó Ń Gbọ́ Rédíò Lọ́wọ́

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ fa ìjókòó sún mọ́ mi díẹ̀. Ó ti rẹ̀ mí. Kì í ṣe àárẹ̀ iṣẹ́ o, àárẹ̀ ẹnu àwọn èèyàn ni. Ṣùgbọ́n bí mi ò bá sọ ohun tójú mi rí lórí ọ̀rọ̀ orin kan báyìí, ọkàn mi ò ní balẹ̀. Mo sì ti gbàṣẹ lọ́wọ́ bàbá mi kí n tó kọ ọ́.

Ṣé ẹ mọ̀ pé Agbowó ni ṣọ́ọ̀bù mi wà, níbi tí mo ti ń tẹ àwòrán sára aṣọ? Òrùlé Páànù, ẹgbẹ́ olórin rọ́ọ̀kì tí àwọn ọ̀dọ́ Ìbàdàn ń ya wèrè nítorí wọn, èmi ni mò ń tẹ tíṣẹ́ẹ̀tì wọn. Bí mo ṣe bá ara mi nínú gúrúùpù àwọn olólùfẹ́ wọn lórí Wọ́ọ̀sáàpù nìyẹn. Mama Tíṣẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ń pè mí níbẹ̀. Ìyá àgbà láàárín àwọn ọmọ tó ń fi gìtá jà! Àwọn ọmọ tí mo bí fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ títí ó fi sú wọn.

Ohun tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀ ni pé tíṣẹ́ẹ̀tì kọ́ ló mú mi dúró síbẹ̀. Orin bàbá mi ni.

Bàbá mi ta gìtá nígbà èwe wọn. Wọ́n ń kọ orin fúnra wọn, orin ilé, orin àdúgbò, wọ́n á sì lọ kọ ọ́ níbi tí wọ́n bá ti ń ṣe ìkómọ l'Ókè Àdó. Wọn ò ṣe rẹ́kọ́ọ̀dù kankan. Nígbà tí wọ́n ti Mẹ́kà dé, mo ṣì wà lẹ́yìn ìyá mi nígbà yẹn, wọ́n gbé gìtá náà fún ẹlòmíì, wọ́n ní ó tó. Ẹnikẹ́ni ò fipá mú wọn. Bí bàbá mi ṣe rí nìyẹn: tí wọ́n bá ti ní ó tó, ó ti tó. Mi ò gbọ́ kí wọ́n kọrin rí láyé mi.

Ìyẹn títí dìgbà tí Dèjì gba yàrá sí ilé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa. Dèjì yìí ló ń kọrin fún Òrùlé Páànù, òun náà ló dá ẹgbẹ́ yẹn sílẹ̀. Nígbà yẹn, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ gìtá ni, bàbá mi sì jókòó sí fàráńdà, wọ́n ń gbọ́ ọ. Nígbà tí etí wọn ò gbà á mọ́, wọ́n pè é.

Láti ìgbà náà ló ti ń wá kí wọn. Bàbá ò fọwọ́ kan gìtá, wọn ò sì la ẹnu kọrin. Wọ́n á sọ ọ̀rọ̀ orin náà lásán bí ẹni ń ròyìn, wọ́n á wá máa fi ọwọ́ júwe: gbé e sókè níbí, fà á wálẹ̀ níbẹ̀ yẹn. Báyìí ni wọ́n ṣe fún un ní orin bíi mélòó kan, èmi á ti wà ní ṣọ́ọ̀bù mi l'Ágbowó; Bàbá fúnra wọn ló wá sọ fún mi. Àdéhùn kan ṣoṣo ló wà ńbẹ̀: Dèjì ò gbọ́dọ̀ dárúkọ wọn fún ẹnikẹ́ni, wọ́n ní àwọn ti fi nǹkan yẹn sílẹ̀.

Nítorí náà, tí Òrùlé Páànù bá ń kọ "Aṣọ Orí Okùn", ọ̀kan nínú àwọn orin náà, ọ̀nà kan ṣoṣo tí mo ní láti gbọ́ orin bàbá mi nìyẹn. Èmi tí mò ń sùn sínú ilé kan náà pẹ̀lú wọn! Ẹ ò rí i bí ayé ṣe rí?

Ó ti tó ẹ̀ẹ̀mélòó tí mo ti ń gbọ́ ọ lórí fóònù nínú ṣọ́ọ̀bù, tí oníbàárà á máa pè mí tí mi ò ní gbọ́. Òjò ṣú l'Ọ́jọ́ọ̀, ẹ kó aṣọ orí okùn wọlé. Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Gìtá á wá dún bí ìgbà tí ààrá bá sán. Mo fẹ́ràn rẹ̀ gan-an ni.

Wàhálà wá dé. Bàbá kan nínú gúrúùpù kọ ọ́ síbẹ̀ pé òun ti gbọ́ orin yìí rí nígbà tí òun wà lọ́mọdé, pé onígìtá kan l'Ókè Àdó ló ni ín. Ọ̀rọ̀ kékeré ni bàbá yẹn sọ o! Kí n tó ṣe tíṣẹ́ẹ̀tì méjì, ìjà ti bẹ̀rẹ̀.

Àwọn kan ní olè ni Dèjì. Àwọn kan ní orin àtayébáyé ni, kò sẹ́ni tó ni ín. Àwọn kan ní kò sí bí arúgbó onígìtá kankan ṣe lè kọ́ ọmọ rọ́ọ̀kì ní nǹkan. Wọ́n ń bi Dèjì léèrè, Dèjì ò fèsì, torí ó ti ṣèlérí. Àìfèsì rẹ̀ náà ni wọ́n wá fi dá a lẹ́bi.

Ọ̀gá gbogbo wọn ni ọmọkùnrin kan láti Bódìjà tí a ń pè ní Professor, torí kò sí ohun tí kò ní ìdáhùn sí. Òun ló kọ ọ́ lọ́jọ́ kan pé òun ti ṣe ìwádìí, pé onígìtá náà ti kú tipẹ́, pé inú ìṣẹ́ ló kú sí, pé àwọn ọmọ rẹ̀ ń jìyà bí Òrùlé Páànù ṣe ń jayé.

Mò ń ka èyí lọ́wọ́ ni bàbá mi pè mí láti pálọ̀ pé ṣúgà ò tó nínú ògì àwọn.

Kí ni kí n ṣe? Kí n kọ ọ́ síbẹ̀ pé bàbá náà ò kú, òun ló ń bínú ṣúgà yìí? Bí mo bá sọ̀rọ̀, mo ti tú àṣírí wọn. Bí mo bá dákẹ́, wọ́n á ba orúkọ ọmọ ọlọ́mọ jẹ́. Mo gbé fóònù sílẹ̀, mo lọ fi ṣúgà kún ògì.

Ọ̀sán Sunday kan ni wọ́n dé. Àwọn olólùfẹ́ bíi mélòó kan, Professor ló ṣáájú, wọ́n gbé búrẹ́dì àti ohun mímu mọ́ọ̀tì dání. Ta ló júwe ilé fún wọn? Mi ò mọ̀ títí dòní. Bàbá mi wà ní fàráńdà pẹ̀lú rédíò wọn, ìròyìn ń lọ lọ́wọ́. Èmi wà lójú fèrèsé, mò ń gbọ́ gbogbo ẹ̀.

Professor dọ̀bálẹ̀ dáadáa, ó ní, "Bàbá, ẹ kú ìrọ́jú o. Àwọn ẹbí olóògbé onígìtá la wá kí."

Bàbá mi dín ohùn rédíò kù. "Ẹ kúuṣẹ́. Èmi ni olóògbé náà. Ẹ jókòó."

Ẹ̀rín ń pa mí, omijé sì ń bọ̀ lójú mi pọ̀ mọ́ ọn. Mo jáde láti gbé àga fún wọn, ni Professor bá rí mi. Ó lanu, ó ní, "Mama Tíṣẹ́ẹ̀tì?" Mo ní ẹ káàbọ̀.

Ẹ má rò pé ibẹ̀ ló parí sí o! Wọ́n bi Bàbá bóyá Dèjì jí orin wọn. Bàbá ní rárá, àwọn fún un ni. Wọ́n bi wọ́n léèrè bóyá àwọn àti Dèjì jọ ṣe àdéhùn níwájú agbẹjọ́rò. Bàbá ní ta ló ń mú agbẹjọ́rò wá síbi ọ̀rọ̀ aṣọ tí wọ́n sá sórí okùn? Àwọn àlejò wá kọjú síra wọn, wọ́n bẹ̀rẹ̀ àríyànjiyàn níwájú ẹni tó kọ orin náà! Professor tiẹ̀ ṣàlàyé orin fún Bàbá. Ó ní ìjọba ológun ni òjò yẹn, pé àwa aráàlú sì ni aṣọ. Bàbá mi tẹ́tí títí ó fi parí. Bàbá dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n ní àwọn fẹ́ lọ ṣe àlùwàlá.

Mo rò pé nígbà tí wọ́n ti fojú ara wọn rí Bàbá, ara á rọ gbogbo wa. Àní mo rò bẹ́ẹ̀! Kí ilẹ̀ tó ṣú, àwòrán bàbá mi ti wà nínú gúrúùpù, àríyànjiyàn mìíì sì ti bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ní Dèjì ti halẹ̀ mọ́ bàbá náà ni. Wọ́n ní ṣebí ọmọ rẹ̀ ló ń tẹ tíṣẹ́ẹ̀tì fún Òrùlé Páànù, Dèjì ti fi owó dí wa lẹ́nu. Ẹnì kan tún béèrè pé ta ló sọ pé arúgbó yẹn gan-an ni onígìtá náà?

Bàbá mi wà láàyè, wọn ò gbà. Bàbá mi ní àwọn fún un ni, wọn ò gbà. Ó sú mi débi pé mi ò lè bínú mọ́.

Dèjì wá sílé. Ó dọ̀bálẹ̀, kò tètè dìde. Ó ní kí Bàbá máà bínú, òun ò mọ̀ pé wọ́n á wá ká wọn mọ́lé. Ó ní àwọn ti yọ gbogbo orin Bàbá kúrò nínú èyí táwọn ń kọ àti lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, kí àwọn èèyàn lè jẹ́ kí wọ́n sinmi. Bàbá ní ó dáa. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ó dáa kẹ̀? Èmi ńkọ́? Inú mi bàjẹ́, àmọ́ kí ni mo fẹ́ sọ? Àwọn ará gúrúùpù ti gba orin bàbá mi lọ́wọ́ mi, wọ́n ní bàbá mi làwọn ń gbèjà.

Mo wọ kíṣìnì lọ, mò ń fọ abọ́. Mi ò mọ ìgbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í kùn ún sínú: òjò ṣú l'Ọ́jọ́ọ̀. Ni mo bá gbọ́ ohùn Bàbá lẹ́yìn mi. Wọ́n dúró sẹ́nu ọ̀nà.

"Má sáré. Fà á wálẹ̀ níbẹ̀ yẹn."

Ọwọ́ mi dúró nínú omi. Mo tún un kùn. Wọ́n fi ọwọ́ júwe rẹ̀ lójú afẹ́fẹ́, mo tún un kùn, wọ́n mirí pé ó ti ń bọ̀.

Wọ́n wá sọ fún mi pé kì í ṣe bí àwọn ṣe kọ́kọ́ kọ ọ́ nìyẹn. Ìyá mi máa ń fọṣọ fún àwọn èèyàn nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ ara wọn, okùn aṣọ rẹ̀ gba gbogbo ẹ̀yìnkùlé. Òun ni wọ́n ń ké sí nínú orin yẹn pé òjò ń bọ̀. Orúkọ rẹ̀ wà nínú ẹsẹ kejì. Wọ́n ní nígbà tí àwọn fẹ́ fún Dèjì, àwọn yọ orúkọ náà kúrò, torí àwọn ò fẹ́ kí wọ́n máa fi aya àwọn pariwo níbi tí wọ́n ti ń mu ọtí.

Wọ́n sọ ẹsẹ náà fún mi bó ṣe wà gan-an. Wọn ò kọ ọ́ lórin, wọ́n sọ ọ́ ni. Ìyá mi ti kú tipẹ́, ẹ̀yin èèyàn mi. Mo sunkún sórí abọ́.

Bàbá ní, "Pe Dèjì. Kó máa kọ tiẹ̀ lọ, kó máà dá wọn lóhùn. Ṣùgbọ́n ẹsẹ tí mo sọ fún ọ yẹn, tèmi àti tìrẹ ni."

Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ ò pọ̀. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ràn orin ẹnì kan, ẹ kọ́kọ́ béèrè àlàáfíà rẹ̀ kí ẹ tó máa tìtorí rẹ̀ jà. Kì í sì í ṣe gbogbo ohun tó so èèyàn méjì pọ̀ ló yẹ kí gúrúùpù mọ̀.

Ẹ̀yin náà ńkọ́? Ṣé wọ́n ti bá yín kẹ́dùn ẹni tó ń jẹun lọ́wọ́ rí? Ṣé àwọn òbí yín ní orin tí wọn ò kọ sí yín létí? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ níbí, màá kà á.

Professor, mo mọ̀ pé ìwọ náà á ka èyí. O ṣeun fún búrẹ́dì. Ẹsẹ kejì yẹn, má bi mí.