Gààrí Tí Káńsù Kó Lọ

Ọdún tí màmá mi wá kí wa ní Peckham nílùú òyìnbó ni káńsù pín ike kékeré kan fún gbogbo ilé tó wà lọ́nà wa, pé ká máa da ìyókù oúnjẹ sínú rẹ̀, káwọn lè máa wá kó o ní gbogbo Ọjọ́bọ̀. Bíìnì ìdalẹ̀ ti kún iwájú ilé wa tẹ́lẹ̀ débi pé ẹ̀gbẹ́ la fi ń wọlé. Mo kàn gbé tuntun yìí sábẹ́ síǹkì, mo gbàgbé rẹ̀.

Màmá rí i. Ó mọ́, ó lọ́wọ́, ìdérí rẹ̀ sì ń dé pinpin. Wọ́n da gààrí Ìjẹ̀bú tí wọ́n gbé wá láti ilé sínú rẹ̀, wọn ò sì sọ fún ẹnikẹ́ni.

Láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀, ọkọ mi, tó máa ń ka ìwé káńsù bí ẹni ń ka Bíbélì, gbé ike náà síta. Ó wúwo lọ́wọ́ rẹ̀.

Ó ní, “O ṣeun gan-an. Mi ò mọ̀ pé o ti ń lò ó.”

N kò da nǹkan kan síbẹ̀ rí, ṣùgbọ́n mo gba ọpẹ́ náà.

Kò pẹ́ tí Màmá fi bu omi tútù sínú abọ́, tí wọ́n gbé ṣúgà àti ẹ̀pà kalẹ̀, tí wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ wò sábẹ́ síǹkì.

“Ta ló gbé gààrí mi?”

Ọkọ mi rọra gbé ife tíì rẹ̀ kalẹ̀. “Mummy, inú kí ló wà?”

“Inú ike kékeré tó lọ́wọ́ yẹn.”

A gbọ́ ariwo ọkọ̀ kólẹ̀kólẹ̀ níta. Màmá ti jáde, tàwọn ti ìró tí wọ́n ró mọ́ àyà àti bàtà ọkọ mi. Òyìnbó kan lára àwọn kólẹ̀kólẹ̀ ti di ike náà mú.

Màmá ní, “Food! Food!”

Inú ọkùnrin náà dùn. Ó ní, “Food, yes,” ó na àtàǹpàkò sókè láti yìn wọ́n, ó sì da gbogbo gààrí náà sínú ọkọ̀.

Bí mo ṣe bojú wẹ̀yìn, ọkọ mi ti dọ̀bálẹ̀ láàárín àwọn bíìnì, tòun ti aṣọ iṣẹ́.

“Mummy, ẹ jọ̀ọ́, mi ò mọ̀ ni.”

“O ò tiẹ̀ ṣí i wò?”

“Mo rò pé á máa rùn ni, Mummy.”

Màmá ní, “Dìde. Ilẹ̀ yẹn tutù.”

Lọ́jọ́ Sátidé, ọkọ mi ra gààrí wálé láti ọjà Rye Lane. Màmá tọ́ ọ wò, wọ́n ní kò kan, wọ́n sì mu abọ́ méjì. Lẹ́yìn náà ni wọ́n pe àbúrò wọn nílé lórí fóònù. Mo gbọ́ tí wọ́n ń sọ pé àwọn òyìnbó fẹ́ràn gààrí Ìjẹ̀bú débi pé ìjọba ló ń fi ọkọ̀ ńlá wá kó o lẹ́nu ọ̀nà.